Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Wo Ojú Aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìgbáyégbádùn bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ibùdó, lórí ikú òjijì àwọn ẹja àrọ̀

  

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe láàárín yín. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àyíká, ọ̀rọ̀ ìjà inú ilé, ìwọ̀nyí ni a fi sí ìkáwọ́ mi. Èmi kì í ṣe dókítà ẹja. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni mo ní. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, mo rí i pé ikú ẹja ti di ọ̀rọ̀ ìgbáyégbádùn. Bí ẹja bá kú lójijì, owó ilé ẹ̀kọ́ bá a lọ. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ìjà sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni tó ni ẹja àti ẹni tí a rò pé ó pa á. Ìdí nìyí tí mo fi lọ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ àgíríkì, tí mo ka ìwé, tí mo sì béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, kí n tó wá síwájú yín.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù November

Púpọ̀ nínú yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò sí nílé. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá kan ní ìlà kẹta yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó mọ táǹkì kọnkéré, ó kó ẹja àrọ̀ 600 sínú rẹ̀. Ó fẹ́ tà wọ́n ṣáájú Kérésìmesì, kí ó fi owó rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta ní oṣù January. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ jáde láti fún ẹja lóúnjẹ. Ó bá òkú ẹja tó léfòó, ikùn wọn kọjú sókè, ó lé ní 300. Igbe tí ó ké ni ó jí gbogbo ìlà náà.

Kí n tó dé ibẹ̀, ìdájọ́ ti wáyé. Àgbẹ̀ Tápà kan, tí oko ẹ̀wà rẹ̀ bá tiwa pààlà, ti gbé pọ́ǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn kọjá lẹ́bàá táǹkì náà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ènìyàn mẹ́ta ló rí i. Ó sì jẹ́ pé oṣù tó ṣáájú, òun àti bàbá yìí ti ní gbólóhùn asọ̀ nípa ewúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti mú àdá lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, “Tíṣà, ẹ má dá wa dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba.”

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí òwe àwọn baba wa: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ó ti parí ẹjọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí ibi tí òwe yìí lè gbé wa dé. Pọ́ǹpù oògùn kọjá lánàá, ẹja kú lónìí, ó ku díẹ̀ kí a lọ ṣá ọmọ ènìyàn ládàá. Ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni a sì wà. Àwọn Tápà yìí ló gbà wá sílé, orí ilẹ̀ wọn ni àwọn ọmọ wa ń ṣeré. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọdún mélòó ni a ó fi nù ún?

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní wákàtí méjì péré. Bàbá tó ni ẹja fúnra rẹ̀ ló gbà fún mi. Ó ní, “Tíṣà, ìwọ náà wò ó. Bí o kò bá rí nǹkan kan, má tún dá wọn dúró mọ́.” Ohun tí mo ṣe láàárín wákàtí méjì yẹn ni mo fẹ́ kọ́ yín lónìí, nítorí ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣe é.

Irú ẹja wo ni àrọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹja tí a ń sìn. Apẹran-jẹ ni àrọ̀. Nínú odò, ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ó ń jẹ ẹja mìíràn, ó sì ń jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Ohun tí ó jẹ mọ́ ẹran ni a fi ń po oúnjẹ rẹ̀, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ a sì máa ba omi jẹ́ kíákíá bí ó bá ṣẹ́kù.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí ó gbà ń mí. Ọ̀pọ̀ ẹja ní ohun pupa kan tó rí bí ìyẹ́ lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ohun ìmí rẹ̀ nìyẹn. Òun ni ó fi ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú omi. Àrọ̀ ní èyí, ṣùgbọ́n ó tún ní òmíràn lókè rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run. Ìdí rèé tí a fi máa ń rí i tí ó ń sáré wá sí òkè, tí ó gbé afẹ́fẹ́ mì, tí ó sì tún rì. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí àrọ̀ wà láàyè fún ìgbà pípẹ́ nínú agbọ̀n ọlọ́jà tí kò ní omi púpọ̀. Àwọn ọmọ àrọ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì ní ohun ìmí kejì yìí. Omi nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi ní ẹ̀bá táǹkì náà nìyí: ẹja tí ó lè mí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run, kí ló pa á nígbà tí afẹ́fẹ́ kún orí rẹ̀?

Ìbéèrè márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ bi omi

Èkínní: báwo ni wọ́n ṣe kú, àti mélòó? Bí ńlá àti kékeré bá kú pa pọ̀ láàárín òru kan, ẹ kọ́kọ́ fura sí omi tàbí májèlé. Bí ó bá jẹ́ pé 2 kú lónìí, 5 lọ́la, 11 ní ọ̀túnla, ẹ fura sí àrùn tó ń ràn. Bí ó bá jẹ́ pé iye wọn ń dín kù tí ẹ kò sì rí òkú, ẹ dúró ná, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Nítorí náà, ẹ máa ka òkú ẹja, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ lára ògiri.

Èkejì: kí ni ohun mìíràn tó kú, kí ni kò sì kú? Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ wo omi náà dáadáa. Bí tanwíjí bá ṣì ń yí nínú omi, bí kòkòrò omi bá ṣì ń sáré lórí rẹ̀, bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ bá ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, ó ṣòro kí ó jẹ́ oògùn apakòkòrò ni ó wọ inú omi náà, nítorí kòkòrò ni oògùn bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ pa. Ẹ kíyè sí i pé oògùn apako kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dá kòkòrò sí kí ó sì pa ẹja. Àmì kan ṣoṣo kò tó dájọ́. Bí ẹ bá ní epìyà àti àrọ̀ nínú adágún kan náà, tí epìyà ń kú tí àrọ̀ sì wà láàyè, àìtó ọ́síjìn ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fura sí.

Ẹ̀kẹta: ìgbà wo ni wọ́n kú? Ìdájí, ṣáájú kí oòrùn tó yọ, ni ọ́síjìn inú adágún máa ń kéré jù. Ohun ewéko inú omi ń pèsè ọ́síjìn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru òun náà ń lò ó. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta, tàbí bí òjò ńlá bá da omi ìsàlẹ̀ rú, àìtó yìí a pọ̀ sí i. Ní ti ọ̀sán gangan, bí omi bá gbóná tí ìdọ̀tí sì pọ̀ nínú rẹ̀, amóníà tí ó ti inú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù jáde a máa le sí i.

Ẹ̀kẹrin: báwo ni ara ẹja ṣe rí? Ẹ mú èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú. Èyí tó ti kú láti òru ti bàjẹ́, kò lè sọ òtítọ́ mọ́. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ ohun ìmí rẹ̀. Pupa bí ẹ̀jẹ̀ tuntun ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá funfun ràn, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Bí nǹkan pupa rúsúrúsú bí ìpẹtà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin inú omi kànga ẹ̀rọ ni. Bí ohun ìmí àti ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ bá dúdú rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ tíì kòkó, ẹ fi èyí sọ́kàn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo awọ, ikùn, orí àti ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: kí ni ó yí padà láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn? Oúnjẹ tuntun ńkọ́? Omi tuntun? Ẹja tuntun tí a dà mọ́ ti tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rọ tó bàjẹ́? Ẹ má sì bi olórí ilé nìkan. Ẹni tí ó ń fún ẹja lóúnjẹ ni kí ẹ bi, ọmọdé ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Ohun tí omi sọ fún wa

Mo bi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní ìlà kẹta. Ẹja ńlá àti kékeré ni ó kú pa pọ̀. Nítorí náà, omi ni tàbí májèlé. Mo tẹ̀ ba, mo wo omi náà: tanwíjí ń yí níbẹ̀ yàmùyamu, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ sì ń lọ lẹ́bàá ògiri. Mo pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Oògùn ẹ̀wà tí a ń fín níhìn-ín, apakòkòrò ni. Ó pa ẹja 300, ó wá dá tanwíjí sí?

Mo mú ẹja kan tí ó ṣì ń gbọ̀n, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ohun ìmí rẹ̀ dúdú bí omi kòkó. Mo wá bi ọmọbìnrin ilé náà, ọmọ ọdún 11, tí ó ń fún ẹja lóúnjẹ. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ti ń ṣẹ́kù sí ojú omi, tí àwọn ẹja sì ń dúró lókè láìfẹ́ rì. “Kí ló dé tí o kò sọ?” Ó ní òun sọ ọ́, wọ́n ní kí òun máa fún wọn lóúnjẹ, pé wọ́n gbọ́dọ̀ tóbi kí Kérésìmesì tó dé. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ 11. Láti ìgbà náà, wọn kò pààrọ̀ omi rí.

Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà nínú omi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ amóníà yìí di ohun kan tí a ń pè ní náítíráìtì; àwọn mìíràn ni ó ń sọ náítíráìtì di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú táǹkì tuntun, irú àwọn kejì yìí kò tíì pọ̀ tó, náítíráìtì a sì máa ga sókè. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ tí kò fi ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹja náà lè máa mí, kí ó gbé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run mì títí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní gbà á. Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Àwọ̀ tíì kòkó tí mo rí ni àmì rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ àgíríkì dé pẹ̀lú ìgò ìdánwò omi, ohun kan náà ni ìgò náà sọ.

Ó ku ẹja bí 230 tí ó ṣì wà láàyè. Wọ́n nílò omi tuntun, ẹ̀rọ sì ti bàjẹ́. Kànga tí ó súnmọ́ wa jù lọ, kànga àgbẹ̀ Tápà náà ni. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bá mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bi wá ní ohunkóhun. Ó mú okùn, ó mú garawa, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì bá wa pọn omi títí di ọ̀sán. Àwọn tó mú àdá ní àárọ̀ náà ni wọ́n ń ru omi. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àṣìṣe tèmi náà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá yangàn. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe olùkọ́, a sin ẹja sínú táǹkì kékeré kan fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo da omi ẹ̀rọ ìlú sínú rẹ̀ tààrà. Kí aago méjì tó lù, gbogbo rẹ̀ ti kú. Mo lu ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ní wọ́n rí lẹ́bàá táǹkì náà. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé klorín tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ìlú máa ń jó ohun ìmí ẹja. Omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró nínú ohun tó ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ yẹn ti di bàbá ọmọ báyìí. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Ẹja tó sọnù láìsí òkú

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹjọ́ olè ti dé ọ́fíìsì mi. “Mo kó ọmọ ẹja 500, mo ka 350, ọmọ lágbájá ti jí wọn.” Mo ti sọ pé apẹran-jẹ ni àrọ̀. Nínú ọmọ ẹja tí a kó lọ́jọ́ kan náà, díẹ̀ a máa yára tóbi ju ìyókù lọ, wọn a sì máa gbé àwọn kékeré mì ní odindi. Òkú kankan kò ní léfòó. Bí ẹ bá rí ẹja mélòó kan tí ó ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ fíofío, tí àwọn kékeré sì ní ìrù tí wọ́n ti gé jẹ, olè yín wà nínú táǹkì. Ẹ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Àwọn àmì mìíràn lára ẹja

Bí ojú egbò pupa bá wà lára, tí ikùn sì wú fún omi, kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó sábà máa ń tẹ̀lé omi ìdọ̀tí àti ìfọwọ́kàn líle. Bí ohun funfun bí òwú bá hù lójú egbò, èbu ni. Bí àbàwọ́n bí eérú bá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí lẹ́nu, àrùn awọ tí ń yára ràn ni, pàápàá nígbà ooru. Bí ẹja bá ń fi ara nu ògiri, ẹ fura sí kòkòrò kéékèèké tí ń jẹ awọ. Bí ikùn bá bẹ́, a sábà máa ń rí i níbi tí oúnjẹ ti pọ̀ jù. Bí egungun orí bá là, fítámì C ni kò sí nínú oúnjẹ náà, ó lè ti pẹ́ jù nílé ìtajà. Oúnjẹ tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé wà nínú èbu.

Àwọn tó ń mọ táǹkì tuntun, ẹ gbọ́ o: ẹfun inú sìmẹ́ńtì tuntun ń jáde sínú omi, ó sì ń pa ẹja. Ẹ pọnmi kún un, ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́rin kí ẹja kankan tó wọ̀ ọ́. Omi kànga ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kí ó máa já láti òkè bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ májèlé lóòótọ́

N kò sọ pé májèlé kò sí. Ó wà. Oògùn apakòkòrò ìgbàlódé díẹ̀ péré tó láti pa ẹja adágún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣan pọ́ǹpù sí ojú àgbàrá tó ń ṣàn wọ adágún yín, tàbí ẹni tó fín oko nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ọ̀dọ̀ yín, ó lè má mọ̀ rárá. A tilẹ̀ máa ń rí i pé ọwọ́ ẹni tó ni ẹja gan-an ni ó fi fọ pọ́ǹpù tán tí ó tún fi bọ́ ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko kòkó wá mọ Gammalin 20, ẹ sì mọ bí àwọn kan ṣe ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, àdéhùn Stockholm fi í sínú àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Òfin ìpẹja inú odò ti ọdún 1992 ní orílẹ̀-èdè wa sì ka fífi májèlé pa ẹja léèwọ̀.

Bí ẹ bá fura sí májèlé, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ gbé bàsíà méjì. Ẹ bu omi adágún tí ẹ fura sí sínú ọ̀kan, ẹ bu omi mímọ́ tó ti ibòmíràn wá sí èkejì. Ẹ kó ọmọ ẹja márùn-ún tí ara wọn le sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wò wọ́n fún wákàtí díẹ̀. Bí wọ́n bá kú nínú méjèèjì, ẹja yẹn ló ń ṣàìsàn. Bí ó bá jẹ́ nínú ọ̀kan nìkan, inú omi ni wàhálà wà. Kò tíì sọ ẹni tó ṣe é fún yín, kò sì tíì sọ bóyá ìdọ̀tí ni tàbí oògùn.

Ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ̀yin ìyá wa, ẹja tó kú lójijì, ẹ má sè é, ẹ má yan án, ẹ má tà á. Iná kò ń pa májèlé. Ẹ wa kòtò jíjìn tó jìnnà sí kànga, kí ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti rì owó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni, kì í ṣe ọmọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ dá oúnjẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó òkú kúrò. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì omi, ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ara má ṣe já wọn. Bí ohun ìmí bá ní àwọ̀ tíì kòkó, iyọ̀ wúlò: kílò 1 fún líta omi 1,000. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè bá àwọn òbí yín ṣírò rẹ̀. Táǹkì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1, líta 12,000 ni. Iyọ̀ kílò 12 nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú garawa, kí ẹ sì dà á káàkiri.

Ẹ má sáré lọ ra kápúsù nílé oògùn láti dà sómi. Kápúsù kò lè wẹ omi ìdọ̀tí mọ́, ó sì ń kọ́ kòkòrò àrùn láti má bẹ̀rù oògùn mọ́, títí tí oògùn náà kò fi ní ṣiṣẹ́ fún ọmọ yín lọ́jọ́ tí ó bá nílò rẹ̀. Dókítà ẹran nìkan ni ó yẹ kí ó sọ irú oògùn àti iye rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́. Ẹ mú ẹja tó ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tí kò tíì kú, sínú ọ̀rá tí omi àti afẹ́fẹ́ wà. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ gbé e sórí yìnyín. Ẹ bu omi kún ìgò mímọ́ dé ẹnu, kì í ṣe ìgò kẹrosíìnì tàbí ìgò oògùn. Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ ẹja dání, àti ìwé tí ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè márùn-ún sí. Ẹ kó o fún òṣìṣẹ́ àgíríkì wa. Ọ̀rọ̀ tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, ilé ìwádìí ẹja omi aládùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa, nínú ìpínlẹ̀ Niger wa yìí. Iṣẹ́ ìwádìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1968, nígbà tí wọ́n dí Odò Ọya ní Kainji tí adágún ńlá náà sì kún.

Ìparí ọ̀rọ̀

Bàbá wa ní ìlà kẹta ta ẹja tó kù ní oṣù January. Owó náà san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ méjì nínú mẹ́ta. Ẹgbẹ́ sì sún ọjọ́ gbèsè síwájú fún un. Ọmọ kẹta wà nílé fún sáà kan. N kò fẹ́ tan yín pé gbogbo nǹkan dára tán. Ọmọbìnrin tó rí i láti ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ tó wà nílé náà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, bóyá gbogbo wọn ni ì bá wọlé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìpàdé yìí ni pé kí a fohùn ṣọ̀kan: bí ẹja bá kú lójijì ní ibùdó yìí, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹnikẹ́ni títí a ó fi dáhùn ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyẹn ní ẹ̀bá omi, níṣojú àgbà méjì. Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ojú tó ń sunkún náà wo omi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àdánù. Kí ọwọ́ wa ká èrè iṣẹ́ wa, kí àlàáfíà sì wà láàárín àwa àti àwọn tó gbà wá sílé.